Aṣọ Funfun Tí Mummy Ní Kí N Gbé Lọ sí Mẹ́kà

Mọ́ńdè, 6 Jánúárì 2025

Òjò láti àárọ̀. Síìpù mẹ́rin, ṣòkòtò iléèwé méjì, àti kóòtù kan tí ẹni tó ni ín sọ pé òun kò sanra, aṣọ ló súnkì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, aṣọ ló súnkì.

Yorùbá ni màá máa fi kọ ìwé yìí, nítorí pé Àmírà ọmọ mi, tí kò sí ohun tí kì í yọjú sí, kò lè ka Yorùbá. Mummy lè kà á dáadáa, ṣùgbọ́n Mummy kì í ṣí dúrọ́ọ̀ máṣíìnì mi.

Ohun tó mú mi ra ìwé ni pé Shiloh pè mí ní ṣọ́ọ̀bù. Shiloh ni tíṣà tó ń kọ́ wa níṣẹ́ aró ní Deptford ní gbogbo Sátidé. Ó ní ẹsẹ̀ Bethany, ọ̀kan nínú àwa tó ń kọ́ṣẹ́, ti kán, àyè rẹ̀ ti ṣófo. Ọ̀sẹ̀ méjì ní Kòràpútù, ní ilẹ̀ Íńdíà, láti lọ wo àwọn aláró orí òkè, àwọn tó ṣètò rẹ̀ ló sì máa gbọ́ bùkátà gbogbo. Ṣé màá lọ?

Kí n tó ronú, mo ti ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá tó bí Mummy ní ìkòkò aró méjìlá ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta. Mummy ò kọ́ mi níṣẹ́ náà, wọ́n ní aró kì í jẹ́ kí ọwọ́ ọmọbìnrin mọ́. Mo ti di ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta, síìpù àwọn ará Peckham ni mo ń pààrọ̀.

Sọ́ńdè, 12 Jánúárì

Mo ti dáràn.

Mummy wọ yàrá mi wá mú ìpara. Àpótí wà lórí ibùsùn, káàdì abẹ́rẹ́ tí mo gbà wà lórí àpótí. Wọ́n wo àpótí, wọ́n wo káàdì, wọ́n bú sẹ́kún.

"Nàfísátù! O fẹ́ lọ san ẹ̀jẹ́ ẹ. O wá fẹ́ fi ṣe surprise fún mi."

Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, mo jẹ́jẹ̀ẹ́ lójú Mummy pé tí mo bá dìde, màá lọ ṣe Úmúrà. Mo dìde. Mi ò lọ. Láti ìgbà náà, Mummy ò rí àpótí kí wọ́n má rí Mẹ́kà.

Mo la ẹnu. Wọ́n ti gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, omi ojú wọn ń kán sórí káàdì. Mo pa ẹnu dé. Mo ní ọ̀la ni màá sọ.

Mọ́ńdè, 13 Jánúárì

Mi ò sọ.

Jímọ̀, 17 Jánúárì

Mummy ti sọ fún gbogbo àsáláátù. Lẹ́yìn ìrun, àwọn obìnrin yí mi ká bí ìyàwó tuntun. Olúkúlùkù kọ àdúà tirẹ̀ sórí bébà, wọ́n ká a, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ kí n lọ kà á níwájú Káábà. Mo ti kà wọ́n, mẹ́tàdínlógún ni.

Aunty Àsúmáù ni wọ́n gbẹ̀yìn. Àwọn ló bá Mummy wá ilé nígbà tí a kọ́kọ́ dé London, wọn kì í sì í sunkún níta. Lónìí, wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú.

"Nàfí, ti Yaqub ni. Three years, ọmọ yẹn ò pè mí. Mi ò mọ nǹkan tí mo fi ṣe é. Forest Hill ló ń gbé o, bus kan péré! Bá mi bẹ Ọlọ́run."

Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Aunty." Ohùn mi kò tiẹ̀ gbọ̀n. Mo bẹ̀rù ara mi.

Mo sọ òtítọ́ fún Àmírà nínú bọ́ọ̀sì. Ó yọ nǹkan etí rẹ̀.

"Mum, that's actually mad. Just sọ òtítọ́ fún Grandma."

"Tí àìsàn ọkàn wọn bá gbé wọn ńkọ́?"

"And when they find out ńkọ́? Ọkàn wọn ò ní gbé wọn then?"

Ọmọ tí mo bí ló ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ìyá ọkọ. Ohun tó sì dùn mí ni pé kò sí ibi tí ó ti ṣì í.

Jímọ̀, 24 Jánúárì

Ohun tí mo ń sá fún ti bá mi nílé.

Mummy pè mí wọ yàrá lẹ́yìn oúnjẹ. Wọ́n fa báàgì tó wà lábẹ́ ibùsùn jáde, èyí tí gbogbo wa mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í fẹnu kàn. Aṣọ tí wọ́n máa fi wé wọn lọ́jọ́ tí ọjọ́ bá pé ló wà níbẹ̀. Wọ́n yọ èyí tó máa wà lókè pátápátá, yáàdì mẹ́rin, funfun báláú. Wọ́n ti so òwú dúdú mọ́ igun rẹ̀, kókó mẹ́ta. Bí àwọn aláró ilé wọn ṣe máa ń ṣe sí aṣọ oníbàárà nìyẹn, kí ó má baà sọnù láàárín aṣọ ẹlòmíràn.

"Fi omi Zamzam fọ̀ ọ́ fún mi. Sá a síbẹ̀, kí oòrùn ibẹ̀ pa á. Kí o tó wá gbé e bọ̀."

Dókítà ọkàn ti sọ fún wọn láti èṣín pé wọn ò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú mọ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni wọ́n, wọn ò dé Mẹ́kà rí. Owó tí wọ́n ń tọ́jú sílẹ̀ fún un ni wọ́n fi rán mi níwèé, lẹ́yìn náà wọ́n fi sin bàbá mi.

Wọ́n ní, "Bí ẹsẹ̀ mi ò bá lè dé ibẹ̀, ó kéré tán kí aṣọ mi dé ibẹ̀."

Mo gba aṣọ náà. Mo kúnlẹ̀ gbà á. Èmi Nàfísátù, mo kúnlẹ̀.

Àlàmísì, 30 Jánúárì, Kòràpútù

Ọkọ̀ òfuurufú méjì dé ìlú kan létí òkun, lẹ́yìn náà ọkọ̀ ojú irin tó ń gun òkè. Inú ihò àpáta kan la máa ń bọ́ sí láti inú òmíràn. Shiloh ní òun ka mẹ́tàdínlógójì kí oorun tó gbé òun lọ.

Mo rò pé gbogbo Íńdíà ló gbóná. Kùrukùru bo òkè, kóòtù Peckham ni mo wọ̀ jáde. Ilẹ̀ ibẹ̀ pupa bí ti Abẹ́òkúta, wọ́n gbin kọfí sábẹ́ igi ńlá, ìrẹsì sí àfonífojì. Ọmọ Íńdíà tó ń ta síìpù fún mi ní Rye Lane ò tíì gbọ́ orúkọ ibẹ̀ rí. Simeon ló ń mú wa kiri. Ọmọ ìbílẹ̀ orí òkè ni, ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ. Ó ní tí èèyàn bá rìn láti òkè kan dé òkè kejì, èdè ti yí, bí àwọn obìnrin ṣe ń wé aṣọ ti yí, ijó náà ti yí. Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílé wa láàárín Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú, kò sì gbà mí gbọ́.

Lónìí wọ́n mú àwa mẹ́wàá tó ti London wá lọ sí tẹ́ńpìlì ńlá tó wà lórí òkè láàárín ìlú, funfun, àtẹ̀gùn rẹ̀ pọ̀. Simeon ní ìtàn wọn ni pé àwọn ará igbó ló kọ́kọ́ ń bọ òrìṣà náà kí àwọn ọba tó wá gbà á. Mi ò wọlé. Mo jókòó síta, mo ń ṣọ́ bàtà àwọn mẹ́sàn-án yòókù. Obìnrin kan tó ń ta òdòdó fún mi ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan, ó sì rẹ́rìn-ín sí mi.

Ibẹ̀ ni fóònù ti dún.

"Nàfí! Ṣé o ti rí Káábà?"

Mo ní mo ti rí i.

"Báwo ló ṣe rí? Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ní ara èèyàn máa ń gbọ̀n?"

Mo ní ara mi ń gbọ̀n. Ìyẹn nìkan ni kì í ṣe irọ́. Àfi bí agogo tẹ́ńpìlì ṣe bẹ̀rẹ̀, gbàn-ìn, gbàn-ìn.

"Agogo wo nìyẹn?"

"Hotel ni, Mummy. Wọ́n ń pe àwọn èèyàn sí oúnjẹ."

"Ah. Lọ jẹun, ọmọ mi. Má jẹ́ kí ebi pa ẹ́ nínú ìjọsìn."

Mo pa fóònù. Mo gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà fún ọmọ kan tó ń kọjá.

Jímọ̀, 31 Jánúárì

Ọjà ọlọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀. Àwọn obìnrin sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè pẹ̀lú ẹrù lórí, òrùka nímú, fínfín lọ́wọ́. Àtalẹ̀ tútù, àtalẹ̀ pupa, ẹja gbígbẹ tó ń rùn bí ti Deptford gan-an. Àtalẹ̀ tó kún agbọ̀n, owó rẹ̀ kò tó ohun tí wọ́n ń gbà lórí ìdì kékeré kan ní Rye Lane. Mo kí obìnrin kan ní Yorùbá, ó dá mi lóhùn ní èdè tirẹ̀, a jọ rẹ́rìn-ín.

Fún bíi wákàtí kan mo gbàgbé pé òpùrọ́ ni mí. Nígbà tí mo rántí, ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Sátidé, 1 Fẹ́búárì

A dé abúlé àwọn aláró. Ìyá tó ni àgbàlá ń jẹ́ Sukri, wọ́n á tó àádọ́rin ọdún. Simeon ní ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n bí wọn, ìdí orúkọ náà nìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni bàbá tèmi ṣe ń jẹ́ Jímọ̀. Ó túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, wọ́n sì fà mí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọn ò tún wo ojú Shiloh mọ́.

Ọwọ́ wọn pupa dé ọrùn ọwọ́. Ti ìyá àgbà mi dúdú bí aró. Wọ́n ń gún èèpo gbòǹgbò igi, wọ́n ń fi òróró láàrà àti eérú pa òwú, wọ́n á sá a, wọ́n á tún pa á, fún ọjọ́ pípẹ́, kí ó tó kan ìkòkò. Èéfín igi, eérú, aṣọ tútù: mo mọ òórùn náà kí n tó mọ orúkọ ara mi. Mo yíjú sẹ́yìn kí wọ́n má baà rí ojú mi.

Wọ́n ní ọ̀tunla ni ká mú aṣọ funfun tiwa wá, kí àwa náà fi gbìyànjú.

Mọ́ńdè, 3 Fẹ́búárì

Màá kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Mi ò fi aṣọ Mummy sílẹ̀ ní hotel rí, inú báàgì mi ló máa ń wà. Nígbà tí ìrun Àyílà tó, mo ní kí n yọ ẹní ìkírun. Abẹ́ aṣọ ló wà. Mo gbé aṣọ lé orí báàgì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo lọ sí ẹ̀yìn ilé. Mo kírun, mo ka àwọn àdúà mẹ́tàdínlógún náà níkọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń ṣe lójoojúmọ́. Bí ẹni pé mo lè fi ìyẹn dí ihò tí irọ́ mi lu. Mo pẹ́ lórí ti Yaqub.

Nígbà tí mo padà, báàgì nìkan ló wà níbẹ̀.

Ìyá Sukri ń fi igi ro ìkòkò. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n gbé igun aṣọ kan sókè láti inú omi pupa kí n rí i pé kò sọnù. Òwú dúdú, kókó mẹ́ta.

Mo pariwo. Gbogbo wọn sáré wá. Mo kan ń sọ pé "Aṣọ Mummy mi ni, aṣọ Mummy mi ni." Simeon ò mọ èyí tó máa túmọ̀.

Nígbà tí ohùn mi padà, ó bi ìyá náà léèrè. Wọ́n ṣàlàyé pé àmì òwú yẹn ni àwọn rí. Lọ́dọ̀ wọn, tí aṣọ bá ti ní òwú ní igun, oníbàárà ti fi rán wọn níṣẹ́ nìyẹn, ẹni tó mọ iṣẹ́ aró ló sì ń so ó. Aṣọ àwọn yòókù kò ní àmì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí tèmi. Wọ́n rò pé ọmọ aláró ni mí, mo ṣe é bó ṣe yẹ.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo sọ ohun tí aṣọ náà wà fún, àti ibi tó yẹ kó lọ. Gbogbo rẹ̀ ni mo sọ. Nígbà tí Simeon túmọ̀ rẹ̀ tán, ìyá Sukri fi ọwọ́ pupa yẹn bo ẹnu. Wọ́n ní àwọn náà ní aṣọ ìsìnkú tàwọn nílẹ̀, àwọn fúnra àwọn ni àwọn pa á láró. Wọ́n ní kí ìyá mi má bínú sí àwọn.

Mo ní kì í ṣe àwọn ni Mummy máa bínú sí.

Wọ́n ní kí n jẹ́ kí aró mu aṣọ náà dáadáa, iṣẹ́ tí èèyàn kò ṣe parí ló burú jù. Mo ní kí wọ́n ṣe é.

Jímọ̀, 7 Fẹ́búárì

Aṣọ ti gbẹ. Kò pọ́n bí òwú wọn, nítorí wọn kò ráyè fi òróró pa á bó ṣe tọ́. Àwọ̀ rẹ̀ rí bí ilẹ̀ Abẹ́òkúta lẹ́yìn òjò. Mo kórìíra rẹ̀, ó sì rẹwà.

Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn obìnrin abúlé tò, wọ́n fi ọwọ́ kọ́ ara wọn lẹ́yìn, wọ́n ń jó yípo. Wọ́n fà mí wọlé. Mo jó. Mi ò lè sọ pé mi ò jó.

Mọ́ńdè, 10 Fẹ́búárì, Peckham

Mo ti dé. Mo sọ fún Mummy pé aṣọ wọn wà nínú àpótí tó kù sẹ́yìn ní pápákọ̀ òfuurufú. Irọ́ tó ń bímọ, kò mọ ìfètò-sọ́mọ-bíbí.

Mo ra yáàdì mẹ́rin ní Rye Lane, irú kan náà. Mo ra ìgò Zamzam méjì ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa. Nígbà tí Mummy lọ sí clinic, mo fọ̀ ọ́ nínú ibi ìwẹ̀. Omi náà jẹ́ òtítọ́, irọ́ ni mo dà á lé. Mo sá a sórí heater. Mo so òwú dúdú sí igun rẹ̀, kókó mẹ́ta.

Àmírà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ṣáà ń wò mí.

Túsìdeé, 11 Fẹ́búárì

Mo gbé aṣọ náà fún Mummy. Wọ́n gbé e símú, wọ́n fi kan iwájú orí. Ọwọ́ wọn rìn dé igun, ó dúró níbi òwú. Wọ́n wò mí, wọ́n wo òwú náà lẹ́ẹ̀kejì.

"O ṣé," ni wọ́n wí. Wọ́n dá a padà sábẹ́ ibùsùn.

Jímọ̀, 14 Fẹ́búárì

Aunty Àsúmáù gbé kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù wá, adìẹ odindi lórí rẹ̀. Yaqub pè wọ́n lọ́jọ́ Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ní òun fẹ́ máa wá wò wọ́n.

"Monday yẹn, twelve o'clock! Nàfí, àdúà ẹ wọlé!" Wọ́n dì mọ́ mi. Òórùn turaré wọn wà lára aṣọ mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mọ́ńdè yẹn ni aṣọ Mummy wọ ìkòkò. Mo gbé adìẹ náà fún Àmírà.

Sátidé, 1 Máàṣì

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Òtútù, oòrùn díẹ̀. Ilá ti wọ́n bí ojú. Mo gbààwẹ̀ ọ̀fun, kí Ọlọ́run ràn mí lọ́wọ́ gba ti ahọ́n.

Wẹ́sìdeé, 12 Máàṣì

Mummy ò lè mí dáadáa láàárọ̀. Ambulance dé ní ogún ìṣẹ́jú. Ní ọsibítù, wọ́n ní omi ló dúró sí wọn láyà, àwọn á fà á.

Ní ọ̀sán, Mummy jókòó lórí ibùsùn pẹ̀lú rọ́bà afẹ́fẹ́ nímú. Ẹ̀rọ ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Wọ́n ní, "Nàfí, tó bá jẹ́ ìgbà yìí ni, gbogbo nǹkan wà nílẹ̀, àbí? Aṣọ mi wà nílẹ̀?"

Mi ò lè jẹ́ kí wọ́n fi irọ́ mi wé wọn.

Mo ní, "Mummy, kì í ṣe aṣọ yín nìyẹn."

"Mo mọ̀."

Mo wò wọ́n.

"Ọwọ́ ọ̀tún lo fi so ó. Ọwọ́ òsì ni ìyá mi ń lò, ọwọ́ òsì ló fi kọ́ mi, kí kókó yẹn lè dojú kọ ẹ̀yìn. Ibẹ̀ la ti ń mọ tiwa. Mo rò pé o sọ tèmi nù ní Mẹ́kà ni, ojú ń tì ẹ́. Mo ní kí n má dójú tì ẹ́." Wọ́n sinmi díẹ̀. "Ó kéré tán, aṣọ kan ṣáà ti ibẹ̀ wá."

Wọ́n ti dárí jì mí láti oṣù kan sẹ́yìn, lórí ohun tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ mi. Mo wá ní láti sọ èyí tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi.

"Mummy, mi ò dé Mẹ́kà."

Mo sọ ọ́ tán, láti orí àpótí títí dé agogo, títí dé ìkòkò. Wọn ò dá mi dúró. Nígbà tí mo parí, wọ́n yí ojú sí ògiri. Nọ́ọ̀sì wọlé, ó wo ẹ̀rọ, ó wò mí, ó ní kí n lọ jókòó síta.

Sátidé, 15 Máàṣì

Wọ́n ti dá Mummy sílẹ̀. Àmírà ló lọ gbé wọn wálé. Èmi kọ́, wọ́n ní kó jẹ́ Àmírà.

Túsìdeé, 18 Máàṣì

Mo ṣe ògì àti àkàrà fún ìṣínu. Mummy ò gbààwẹ̀, dókítà ò gbà, ṣùgbọ́n Màgàríbì ni àwọn náà máa ń jẹun. Wọ́n jẹ búrẹ́dì nínú yàrá wọn. Wọn ò bú mi. Ká ní wọ́n bú mi, mo mọ ibi tí màá dúró sí.

Sátidé, 22 Máàṣì

Mo ń rán ẹnu ṣòkòtò nígbà tí mo gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìn mi.

"Èyí tí o bà jẹ́ yẹn dà?"

Mo lọ gbé e wá. Wọ́n jókòó sórí ibùsùn mi, wọ́n tú u sórí itan. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n fi èékánná ha á, wọ́n gbé e sójú fèrèsé. Ojú aláró ni wọ́n fi ń wò ó, ojú tí mi ò rí rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi.

"Gbòǹgbò ni. Wọn ò fi òróró pa á tó."

"Wọn ò ráyè, Mummy. Mo ti kó bá wọn."

"Obìnrin yẹn mọṣẹ́." Wọ́n wá òwú náà ní igun, kókó mẹ́ta, dúdú nínú pupa. "Kò tú u."

"Wọ́n ní kí ẹ má bínú sí àwọn."

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí i fún? Ó rí àmì, ó ṣiṣẹ́ ẹ̀." Wọ́n ká aṣọ náà. "Mi ò tíì dárí jì ẹ́, Nàfísátù. Mo ń gbìyànjú ni. Má bẹ̀ mí."

Wọ́n gbé e lọ sí yàrá wọn. Mi ò bẹ̀ wọ́n.

Sọ́ńdè, 30 Máàṣì. Ìtúnu Ààwẹ̀

Wọ́n sún aago síwájú lóru, ìdajì ìlú pẹ́ dé Yídì. Oòrùn ràn, afẹ́fẹ́ tútù.

Mummy jáde láti yàrá nínú aṣọ léèsì funfun wọn àtijọ́. Wọ́n ti gé aṣọ pupa náà, wọ́n fi wé gèlè. Àmírà ní, "Grandma! Slay!" Mo ti wheelchair wọn dé pápá.

Lẹ́yìn ìrun, gbogbo àsáláátù ń kí ara wọn. Aunty Àsúmáù dé pẹ̀lú Yaqub, ọkùnrin gíga tó ń tijú. Wọ́n fọwọ́ kan gèlè náà.

"Mummy, gèlè yìí mà fine o! Ṣé Mẹ́kà ni wọ́n ti rà á?"

Gbogbo wọn yíjú sí wa. Mummy gbé ojú sókè wò mí. "Ẹ bi ẹni tó mú un wá."

Àpò mi ni àwọn bébà mẹ́tàdínlógún náà wà láti oṣù méjì. Mo yọ wọ́n.

Mo ní, "Kòràpútù ni. Íńdíà ni mo lọ, mi ò dé Mẹ́kà. Mo tàn yín jẹ. Mo ń ka àdúà yín lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe níbi tí ẹ rán mi. Ẹ forí jì mí."

Ẹnì kan ní "Audhu billahi." Ẹnì kan gba bébà rẹ̀ lọ́wọ́ mi bí ẹni gba nǹkan lọ́wọ́ olè. Àwọn méjì lọ láìkí mi. Aunty Àsúmáù dúró síbẹ̀, ẹnu wọn là.

"Ta ló wá bá mi bẹ Ọlọ́run tí Yaqub fi pè mí?"

"Ìwọ," ni Mummy wí. "O ti fi ọdún mẹ́ta bẹ̀ ẹ́. O rò pé kò gbọ́ èdè ẹ ni?"

Yaqub wo ilẹ̀. Aunty Àsúmáù gba bébà wọn, wọ́n fi sí àpò, wọ́n fa Yaqub lọ́wọ́ lọ. Mo mọ̀ pé yóò pẹ́ kí wọ́n tó dárí jì mí.

Nígbà tí a délé, Mummy fa báàgì jáde lábẹ́ ibùsùn. Wọ́n yọ aṣọ Rye Lane náà, wọ́n já àmì tí mo so sọnù, wọ́n ju òwú dúdú sí mi.

"Jókòó. Ọwọ́ òsì."

Mo so ó. Wọ́n tú u. Mo tún un so. Wọ́n tú u, wọ́n fi ọwọ́ tiwọn bo tèmi, wọ́n fi ìka mi yí òwú náà sẹ́yìn. Ọwọ́ wọn gbóná. Ó di ìgbà kẹjọ kí wọ́n tó ní ó dáa.

"Ẹ̀jẹ́ ẹ wà lọ́rùn ẹ, lọ san án nígbà tó bá wù ẹ́. Ṣùgbọ́n aṣọ mi, Àmírà ló máa gbé e lọ. Mo ti bá a sọ ọ́, lẹ́yìn exam ẹ̀ ni." Wọ́n na aṣọ náà sí mi. "Ìwọ, fà á le. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n nígbà tó bá padà dé."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mummy." Mo sì fà á le.